Gołąbki nínú slow cooker: ìrẹsì di ẹ̀kọ mọ́ mi lọ́wọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Kuba (Leeds), Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé ìdáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí kí ojú tó tì mí.

Ará Pólándì ni ọkọ mi, ọmọ agbègbè Lublin. Kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó gołąbki: ẹran lílọ̀ àti ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé, tí wọ́n wá sè nínú ọbẹ̀ tòmátì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ mi lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, mo sì mọ̀ ọ́n wé dáadáa. Àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tí mo bá délé láàárọ̀, ta ló fẹ́ dúró máa bọ́ ewé kábéèjì lọ́kọ̀ọ̀kan fún wákàtí méjì? Ni mo bá ra slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tó máa ń fi iná díẹ̀díẹ̀ se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mo ní kí n gé gbogbo nǹkan sínú rẹ̀, kí n lọ sùn, kí n jí bá oúnjẹ.

Ohun tí mo ṣe rèé. Odindi kábéèjì kan, mo gé e gàǹgà gàǹgà. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ìdajì kílò, mo dà á sí i ní tútù. Ìrẹsì ife méjì, tòmátì agolo méjì, omi lítà kan. Mo yí i sí Low, wákàtí mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo ṣí ọmọrí, ìrẹsì ti di ẹ̀kọ, ẹran ti ṣù jọ bí òkúta, omi léfòó, kábéèjì òkè sì tún ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Báwo ni nǹkan ṣe ń jinná jù, tí kò sì jinná, nínú ìkòkò kan ṣoṣo? Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Ẹ̀yin náà mọ irú "ó dùn" yẹn.

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí wa ní Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi iṣẹ́ ni màá ti máa bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ gbà mí.

Apọ́n Wrocław, Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ife ìrẹsì méjì kẹ̀? Ṣé jọ̀lọ́ọ̀fù ni ẹ fẹ́ sè ni? Ní tèmi, gołąbki inú ìgò ni mo máa ń rà ní Pólándì níbí, mo dà á sínú abọ́, mo gbé e sínú máíkírówéèfù, ó parí. Ìyá ọkọ yín ò lè mọ̀.

Ìyá Kuba, Ọjọ́ Àìkú, 10:10 alẹ́

Àbúrò mi, á mọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bàbá Onílù (Chicago), Ọjọ́ Ajé, 4:15 òru

Ìyá Kuba, ẹ kú ìrójú. Mo kọ́kọ́ rò pé orílẹ̀-èdè Kúbà ni ẹ wà, kí n tó rántí pé ẹni tó bá ń jẹ́ Jakub ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Pólándì pọ̀ lọ súà ní Chicago níbí, àwọn la jọ ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, oúnjẹ ọ̀sán wọn ló sì kọ́ mi.

Ohun tó ṣe yín yẹn ti ṣe èmi náà. Ìkòkò orí iná máa ń gbẹ omi. Slow cooker kì í gbẹ ẹ́. Oru tó bá gòkè, ara ọmọrí ló máa dì mọ́, á sì tún kán padà sínú oúnjẹ. Lítà omi tí ẹ bù sí i kò rí ibi lọ. Kábéèjì fúnra rẹ̀ sì tún máa tú omi tirẹ̀ jáde. Ẹ gbàgbé lítà yẹn. Ìdajì ife omi ẹran ti tó.

Ìdí tí ti òkè kò fi jinná: ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ni iná rẹ̀ ti ń wá. Nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ líle máa ń pẹ́ jinná ju ẹran lílọ̀ lọ. Kábéèjì ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ẹran jókòó lé e lórí. Tòmátì náà sì tún dá kún un, nítorí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ tètè rọ̀. Ẹ ṣáà mọ bí ẹ̀wà ṣe máa ń le tí a bá tètè da tòmátì sí i.

Bí èmi ṣe ń ṣe é: mo máa ń fi páànù yan ẹran ná, kí ó pọ́n díẹ̀, mo ń fi ṣíbí tú u kí ó má ṣù, mo sì máa da ọ̀rá rẹ̀ nù. Nínú páànù yẹn náà ni mo ti ń rọ́ àlùbọ́sà àti ìdajì kábéèjì tí mo rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí á fi wálẹ̀. Mo kó wọn sínú slow cooker pẹ̀lú omi ẹran àti ewé bay leaf méjì, High, wákàtí mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni tòmátì tó wọlé, àti ìrẹsì ìdajì ife péré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní parboiled, nítorí òun ló lè dúró ṣánṣán. Ìṣẹ́jú 45 sí i. Ẹ má máa ṣí i wò o. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ṣí ọmọrí, ẹ ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kún un.

Èyí tó bá kù, mo máa ń yí i sí Warm, kí àwọn ọmọ wá bù ú nígbà tó bá wù wọ́n títí di alẹ́.

Ọmọ Òṣogbo (Łódź, Pólándì), Ọjọ́ Ajé, 8:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Onílù, ọ̀rọ̀ iná àti omi tí ẹ sọ yẹn, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan Ìyá Kuba. Ọbẹ̀ kábéèjì elẹ́ran ni ẹ sè. Tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá rí i nínú abọ́, kapusta (kábéèjì lásán) ló máa pè é. Ìtumọ̀ gołąbki ni àwọn ẹyẹlé kéékèèké, wọ́n ní torí bó ṣe máa ń rí róbótó nínú àwo ni. Èyí tí a ń fi ṣíbí bù, ẹyẹlé wo ló kù nínú rẹ̀?

Àwọn ará Pólándì fúnra wọn ti wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Gołąbki bez zawijania ni wọ́n ń pè é, gołąbki tí a kò wé. Àwọn mìíràn ń pè é ní leniwe, ìyẹn ti ọ̀lẹ. Ìyàwó mi ń sè é láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ náà ń sè é, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń rẹ́ kábéèjì wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ẹran àti ìrẹsì, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á dín in, wọ́n á wá fi ọbẹ̀ tòmátì sè é. Slow cooker pàápàá ní orúkọ níbí: wolnowar.

Ìwọ̀n tí à ń lò fún ènìyàn mẹ́rin: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ 500 gíráàmù (èyí tó lọ́ràá díẹ̀, ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ 5% sí lára, á gbẹ bí pákó), kábéèjì tí a ti rẹ́, 500 gíráàmù, ìrẹsì 100 gíráàmù tí a sè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí inú rẹ̀ ṣì le, ẹyin kan, àlùbọ́sà kan tí a ti dín, iyọ̀, ata dúdú, àti majeranek (ewé olóòórùn tí wọ́n ń pè ní marjoram) ṣíbí kékeré kan. Majeranek yẹn ni kí ẹ má gbàgbé o. Ilé ìtajà Pólándì èyíkéyìí ní Leeds á ní i, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, òun gan-an sì ni ìyá ọkọ yín máa fi imú wá.

Ẹ bu omi gbígbóná sórí kábéèjì tí ẹ rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wá fún un bí ẹni fún gàrí. Ẹ pò gbogbo rẹ̀, ẹ ṣù ú, ẹ yí i mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ tí a ti lọ̀, ẹ dín ojú méjèèjì kí ó pọ́n. Inú rẹ̀ kò ní tíì jinná, ẹ má dà á láàmú. Ẹ tò ó sínú slow cooker, ẹ da tòmátì tí a ti sẹ́ lé e, bíi 500 mililítà, pẹ̀lú omi ẹran ife kan, ewé bay leaf méjì àti hóró allspice mẹ́ta. Low, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà.

Bàbá Onílù, Ọjọ́ Ajé, 3:20 ọ̀sán

Ọmọ Òṣogbo, mo gbà pé tìrẹ lẹ́wà. Àmọ́ obìnrin yìí ní òun kò fẹ́ dúró nídìí iná láàárọ̀, o wá ní kí ó rẹ́, kí ó fún, kí ó ṣù, kí ó tún dín. Iṣẹ́ wo lo dín kù níbẹ̀?

Ọmọ Òṣogbo, Ọjọ́ Ajé, 3:41 ọ̀sán

Wíwé, ẹ̀gbọ́n. Bíbọ́ ewé àti wíwé. Gbogbo èyí tó kù ṣeé ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Màmá Ìbejì (Peterborough), Ọjọ́ Ajé, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà yín láti ọ̀sán. Ṣé ẹ rántí mọ́ínmọ́ín eléwé? Agolo mílíìkì dé, a ní ó yá ju ewé lọ. Náílọ́ọ̀nù dé, a ní òun ló yá jù. Abọ́ ike dé. Orúkọ kò yí padà, àmọ́ òórùn ewé ti lọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá fi sẹ́nu. Ewé kábéèjì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń dá omi ẹran dúró sínú.

Nílé iṣẹ́ tí a ti ń di ẹ̀fọ́ sínú náílọ́ọ̀nù ni mo ti ṣiṣẹ́ níbí. Lẹ́yìn tí Pólándì wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́dún 2004, àwọn obìnrin wọn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ni mo ti kọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ, kò sì sí ẹni tó máa fi wákàtí méjì wé e mọ́.

Ra kábéèjì funfun tó tóbi, fi ọ̀bẹ gbẹ́ kókó ìdí rẹ̀ jáde, wé e sínú náílọ́ọ̀nù, jù ú sínú fírísà lódindi. Ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà gbé e jáde, fi sínú abọ́ ńlá, jẹ́ kí ó yọ́ fún odindi ọjọ́ kan. Gbogbo ewé rẹ̀ á rọ̀ bí aṣọ àdìrẹ tó ti gbó. Kò sí omi gbígbóná, kò sí ìka jíjó. Fi ọ̀bẹ fá iṣan gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ewé kí ó lè ká, fi ẹran sí i, ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, yí i. Méjìlá láàárín ìṣẹ́jú 30, mo ti wọ̀n ọ́n rí. Ewé tó ya, má dà á nù, tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹran inú rẹ̀ kò nílò yíyan rárá, ní tútù ló ń wọlé. Low, wákàtí méje sí mẹ́jọ. Kó o sínú rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tó o bá dé láti ibi iṣẹ́, lọ sùn.

Apọ́n Wrocław, Ọjọ́ Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ kú ọgbọ́n. Tàbí kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ láago méje alẹ́, kí wọ́n fi táímà sí i kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru? Wọ́n á délé bá a ní gbígbóná.

Olóúnjẹ (Croydon), Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Rárá o! Ilé ìdáná ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹran lílọ̀ tútù kò gbọdọ̀ jókòó wákàtí mẹ́jọ sínú ìkòkò tí kò gbóná. Lílọ̀ tí wọ́n lọ̀ ọ́ ti gbé ohun tó wà lára ẹran wọ inú rẹ̀. Ẹ pò ó lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ inú fíríìjì ni kí ó sùn, kí ó wọ slow cooker nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án. Ẹ má sì gbé abọ́ amọ̀ slow cooker tó tutù nini jáde nínú fíríìjì lọ sórí iná gbígbóná, ó lè là. Abọ́ mìíràn ni kí ẹ fi pò ó. Ẹran tó dì gbagidi nínú fírísà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní láti yọ́ ná.

Bàbá Onílù, ẹ forí jì mí, sà. Ìrẹsì yẹn ń bà mí lẹ́rù. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí hóró rẹ̀ kì í kú nígbà tí a bá sè é, tí oúnjẹ bá wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Warm dára tí ó bá lè mú oúnjẹ gbóná ju 63°C lọ ní gbogbo àkókò, ṣùgbọ́n slow cooker mìíràn kò lè dé bẹ̀, pàápàá tí oúnjẹ tó kù bá kéré, tí àwọn ọmọ sì ń ṣí ọmọrí. Bí gbogbo yín bá ti jẹun tán, ẹ tú èyí tó kù sínú abọ́ pẹrẹsẹ kí ó tètè tutù, kí ó wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì. Orí iná tàbí máíkírówéèfù ni kí ẹ ti gbé e gbóná, kí ó hó. Slow cooker pẹ́ jù fún gbígbé oúnjẹ gbóná.

Bàbá Onílù, Ọjọ́ Ajé, 11:50 alẹ́

A ti ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ohunkóhun kò ṣe wá. Àmọ́ mo gbọ́. Màá yí i padà kí ìyàwó mi tó ka ibí yìí.

Alájà Sidi (Birmingham), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Àsàlámù àlékùm. Àwa tí a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Mo fi ẹran tọ̀lótọ̀ló lílọ̀ wé tèmi lọ́dún tó kọjá, ó gbẹ, ó ń kọ́ mi lọ́fun.

Màmá Ìbejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Àyà tọ̀lótọ̀ló lo rà. Ti itan ni kí o rà, ọ̀rá díẹ̀ wà lára rẹ̀. Fi gréètà rin àlùbọ́sà ńlá kan sínú rẹ̀ ní tútù, pẹ̀lú ṣíbí òróró méjì. Tàbí kí o lo ẹran màlúù, òun kì í dójú tini.

Ọmọ Òṣogbo, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Alájà, èyí tí kò lẹ́ran rárá wà. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, tí wọ́n ń pè ní Wigilia, wọn kì í jẹ ẹran. Gołąbki ọjọ́ náà máa ń jẹ́ olú àti ìrẹsì, tàbí olú àti kasza gryczana, ọkà kan tó ní òórùn bíi pé wọ́n ti yan án. Kasza yìí tún dára fún slow cooker ju ìrẹsì lọ nítorí kì í tètè di ẹ̀kọ. Lápá Lublin àti gbogbo ìlà-oòrùn wọn, wọ́n tún ń fi ọ̀dùnkún tútù tí wọ́n rin pò ó. Ẹ ṣáà yẹ ara páálí kúùbù ẹran wò kí ẹ tó lò ó, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú àwọn kan.

Màmá, ọgbọ́n fírísà yẹn dára gan-an. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ewé tó bá ti dì, tó sì yọ́, omi kún inú rẹ̀. Kí Ìyá Kuba fi aṣọ nù ún gbẹ, kí ó sì dín omi ẹran kù sí ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a tún padà sí adágún ọjọ́sí.

Ìyá Kuba, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Òṣogbo, ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún yẹn, ó dìde dúró! Ó ní ti ìyá bàbá òun nìyẹn. N kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ ara wa.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Lọ́la ni ọjọ́ ìsinmi mi, màá fi ti ọ̀lẹ dán an wò. Ìbéèrè kan: ṣé n kò lè fo dídín yẹn?

Ọmọ Òṣogbo, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ lè fò ó. Á jinná. Àmọ́ á funfun bí ẹni tí àìsàn ń ṣe, ó sì lè fọ́ sínú ọbẹ̀.

Ìyá Kuba, Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́

Ó fọ́. Mo sì dín in o! Méjì péré ló dúró nínú mẹ́wàá. Adùn rẹ̀ dára, Kuba jẹ ẹ́, ó tún tọrọ. Àmọ́ nígbà tí mo fi ṣíbí gbé e, ó tú ká. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Màmá Ìbejì, Ọjọ́rú, 9:03 alẹ́

N kò rẹ́rìn-ín. Mo kàn sọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín ni.

Ọmọ Òṣogbo, Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Ṣé ẹ fún kábéèjì yẹn dáadáa?

Ìyá Kuba, Ọjọ́rú, 9:22 alẹ́

Mo fi ajọ̀ sẹ́ ẹ.

Ọmọ Òṣogbo, Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Sísẹ́ àti fífún kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ dà á sínú aṣọ funfun, ẹ lọ́ ọ lọ́rùn títí kò fi ní kán mọ́. Kí ẹ sì rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ gan-an, èyí tó bá gùn ló máa ń fa ìṣù ya. Tí ẹ bá ti ṣù wọ́n, kí wọ́n sinmi nínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dín wọn. Ìpele kan ṣoṣo ni kí ẹ tò wọ́n sí, tí ó bá sì ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni má rò ó. Ó dájú pé ẹ rò ó.

Ìyá Kuba, Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Bàbá Onílù, Ọjọ́rú, 10:15 alẹ́

Ọbẹ̀ kábéèjì mi kì í fọ́ o. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Olóúnjẹ (Croydon), Ọjọ́bọ̀, 7:00 àárọ̀

Tí ẹ bá ní tẹmómítà ẹran, ẹ tì í bọ àárín èyí tó tóbi jù. Tó bá ti dé 75°C, ó ti jinná. Àwọ̀ ẹran lílọ̀ lè tan yín, nítorí tòmátì máa ń pa á láró. Tí ẹ bá máa fi śmietana (kíríìmù kíkan) sí ọbẹ̀ rẹ̀, ìparí ni o, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọbẹ̀ gbígbóná díẹ̀ lù ú nínú ife. Tó bá pẹ́ nínú slow cooker, á dì wẹ́wẹ́ bíi wàrà tó bàjẹ́.

Ìyá Kuba, Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn. Ẹ fi ara balẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ti rẹ́ kábéèjì, tí mo fún un nínú aṣọ (omi tó jáde lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife kan, mi ò parọ́), mo pò ó, mo ṣù ú, mo tò ó sínú fíríìjì. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo bi ọkọ mi bóyá ó lè dín wọn ní kùtùkùtù Ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun lè dín in. Mo dé láago mẹ́jọ àárọ̀, mo bá mẹ́jọ tó pọ́n dáadáa, méjì tó dúdú. Mo tò wọ́n, mo da ọbẹ̀ lé wọn, mo yí i sí Low, mo sùn.

Ìyá ọkọ mi dé láago méjì ọ̀sán. Kò tíì bọ́ kóòtù tán tó fi lọ ṣí ọmọrí. Mo ní "Mamo, ẹ má ṣí i!" Ó ti ṣí i. Ó wò ó, ó ní "Leniwe," ó sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Ó ní majeranek pé. Ó wá ní ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn jù, òótọ́ sì ni, nítorí n kò dín omi kù tó. Ó po fúláwà ṣíbí kan mọ́ śmietana, ó lù ú, ó dà á sí i, ó ní kí n gbé e sí High fún ìṣẹ́jú 20. Kò sí èyí tó fọ́. Ó jẹ méjì. Èyí tó kù, ó fi bọ́tà dín in láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kí n tó jí, ojú méjèèjì, ó há díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yin ará, ti àárọ̀ yẹn dùn ju ti ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì lọ. Ẹ dán an wò.

Màmá Ìbejì, mo ti ju kábéèjì kan sínú fírísà. Ti Kérésìmesì, wíwé ni màá wé e.

Màmá Ìbejì, Ọjọ́ Àìkú, 5:25 ìrọ̀lẹ́

O káre, ọmọ mi. Àmọ́ Kérésìmesì ṣì jìnnà, gbé e jáde ní ọjọ́ méjì kí o wé e, kí o wá dá gołąbki fúnra rẹ̀ padà sínú fírísà ní tútù. Tí ẹran rẹ kò bá ti dì tẹ́lẹ̀, kò léwu.

Alájà Sidi, Ọjọ́ Àìkú, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Èmi náà fi itan tọ̀lótọ̀ló ṣe ti ọ̀lẹ lánàá, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí Màmá ní kí n rin. Kò gbẹ. Mo fi ata rodo kan sí ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ má sọ fún ará Pólándì kankan.

Apọ́n Wrocław, Ọjọ́ Àìkú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Èmi ṣì wà nídìí ti inú ìgò. Ìyá Kuba, tí ẹ kò bá nílò slow cooker yẹn mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá Kuba, Ọjọ́ Àìkú, 6:48 ìrọ̀lẹ́

O ti pẹ́, àbúrò. Ó ti bá ìyá ọkọ mi lọ sí Lublin láàárọ̀ yìí, nínú àpótí, láàárín aṣọ òtútù rẹ̀. Mo ní ẹnu wáyà wa ní eyín mẹ́ta, kò lè wọ ara ògiri tiwọn. Ó ní aládùúgbò òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ni mo ń wá òmíràn rà báyìí, ẹ̀yin ará: ti lítà 3.5 ni tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá kò gba ìpele kan nínú rẹ̀, orí ara wọn ni mo tò wọ́n sí. Ṣé ti lítà 6 kò ní tóbi jù fún ènìyàn mẹ́ta?